Síkáàfù Yèyé Lọ́jọ́ Àjíǹde

Obìnrin tó bá ní òun kò jowú rí, kó dìde níbí kó máa lọ, nítorí ọ̀rọ̀ Felicia kò ní yé e. Aládùúgbò mi ni Felicia l'Áyédé, ògiri kan ló là wá. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni o! Ti Felicia sanra, ara rẹ̀ sì ń dán. Kì í sì í ṣe ọkọ ló ń jowú sí. Ọláníyì ọkọ rẹ̀, tó bá ti oko kòkó dé, oúnjẹ àti oorun nìkan ló mọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń jowú sí.

Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, láti ìgbà náà sì ni Felicia ti ń yan síkáàfù tí yóò wé, tó sì ń wé e fún un. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè gbogbo wa ń là, ó ń gbé èyí tó nípọn, onírun àgùntàn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Tí oòrùn bá mú, ó ń gbé àdìrẹ kan tó ti gbó, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lásìkò òjò, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì tètè ń gbẹ ni, nítorí aṣọ tútù lórí arúgbó, ikọ́ ló ń dá sílẹ̀. Elésè àlùkò ni ti àwẹ̀ Lẹ́ńtì, funfun ni ti Àjíǹde. Felicia yóò gbé e lé e lọ́wọ́, Yèyé yóò fọwọ́ pa á, yóò ní, "Ọyẹ́ mà ti dé o." Bí ìyá ṣe ń mọ̀ pé ọdún ń yí nìyẹn, inú Felicia sì máa ń dùn bí ẹni pé òun gan-an ló mú ọyẹ́ wá.

Ìgbà tó yá ni ibi iṣẹ́ Délé, àbúrò Ọláníyì, gbé e wá sí ìlú Ọ̀yẹ́ tí kò jìnnà sí wa. Òun àti Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ kó wá sílé Yèyé títí wọn yóò fi rí ilé yá. Fúnmilọ́lá lọ́yàyà, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí gèlè. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ kí n bá yín wé e lónìí."

Felicia dúró kí Yèyé sọ pé rárá.

"Wá wé e, ọmọ mi," ni Yèyé wí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin pariwo pé Yèyé ti di ọmọge. Yèyé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gba ọ̀nà ọ̀fun Felicia lọ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Láti ọjọ́ náà, Fúnmilọ́lá ló ń wé e ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Felicia a sì wá bá mi lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ wo bó ṣe ga! Ṣé ulé alájà ló kọ́ lé arúgbó lórí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀la, Fúnmilọ́lá wá béèrè pé, "Ìyáálé mi, èwo ni Yèyé máa ń wé lọ́jọ́ Àjíǹde?" Felicia ṣí àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan funfun, ló bá tún ki ọwọ́ náà bọ ìsàlẹ̀, ó sì fa ọ̀kan jáde, aláwọ̀ eérú, olódòdó fàdákà, tó rẹwà. Òun ni Yèyé wé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kan orí òun mọ́. Fúnmilọ́lá kò tíì wọ ilé wọn nígbà yẹn, kò mọ̀.

"Èyí ni," ni Felicia wí. Ohun tó fẹ́ ni pé kí Yèyé fọwọ́ kàn án, kó figbe ta, kó sì lé ọwọ́ Fúnmilọ́lá kúrò ní orí ara rẹ̀ títí ayé.

Ilẹ̀ mọ́. Yèyé jókòó lọ́ọ̀dẹ̀, Felicia sì fara ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Fúnmilọ́lá gbé síkáàfù lé ìyá lọ́wọ́. Ìka Yèyé ń tọ etí aṣọ lọ, títí ó fi kan ihò tí àbẹ́là jó sí i nígbà ìṣọ́ òkú. Ó dúró níbẹ̀.

"Ta li ó mú un fún ọ?"

"Ìyáálé mi ni, Yèyé. Ó rẹwà gan-an."

Yèyé na aṣọ náà padà sí i. Ẹ̀yìn náà ló ní, "Ó dáa. Wé e."

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Felicia jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo orí funfun báláú, orí kan ṣoṣo ló jẹ́ aláwọ̀ eérú. Àwọn àgbà tó bá Yèyé sin ọkọ rẹ̀ ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn. Felicia ń kọ Alelúyà bí ẹni tí eyín ń ro. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù.

Bí wọ́n ṣe délé ni Yèyé pè é wọ yàrá.

"Felicia, ta li ó kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Yèyé."

"Uwọ li ó fún mi lí aṣọ ọ̀fọ̀, mo sì wé e. Sọ ẹni tó kú fún mi."

Felicia wó lulẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni! Ẹ kò fẹ́ ọwọ́ mi mọ́, tirẹ̀ li ẹ ń fẹ́!"

Yèyé tú síkáàfù náà. Ó tú ìborí kékeré tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Orí rẹ̀ hàn, irun funfun díẹ̀ tó ṣẹ́kù, ibi tó pá.

"Ṣé Fúnmilọ́lá ti rí orí yìí rí?"

Felicia ronú. Rárá. Òun ló ń fọ orí náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ló sì ń so ìborí yẹn mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

"Orí tí mo bò fún gbogbo ayé, uwọ li mo ṣí i fún. Uwọ náà li ó gbé òkú ọkọ mi lé e, lí ọjọ́ Àjíǹde. Lọ bá Fúnmilọ́lá, kí o sọ ohun tí o ṣe."

Ó lọ sọ ọ́. Láti ilé mi ni mo ti gbọ́ ohùn Fúnmilọ́lá: "Háà! Ìyáálé mi!" Fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò kí ara wọn ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Òjò ńlá wá bá mi lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì sá wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn. Páànù ń ró gbàgàgbàgà. Fúnmilọ́lá ti lọ mú síkáàfù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá, ó gbé e lé Yèyé lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Yèyé fọwọ́ pa á, ó sì dá a padà fún un.

"Òjò kò tíì dé," ni Yèyé wí. "Pe Felicia wá."

Mo wo ojú Fúnmilọ́lá. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà ilé ìdáná tí Felicia yóò gbà jáde. Mo mọ ojú yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i lẹ́bàá ògiri mi.