Òòlù Agbóhùn-Irin

Bí o bá dé àdúgbò náà tí o ní wẹ́dà lò ń wá, wọn yóò bi ọ́ pé wẹ́dà wo. Bí o bá ní Agbóhùn-Irin, kódà ẹni tó ń bá a ṣọ̀tá yóò mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àṣà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá jó irin méjì pọ̀ tán, kì í tètè kùn ún lọ́dà. Yóò mú òòlù kékeré tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, yóò lu ojú ibi tó jó lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì dẹ etí sí i. Irin tó bá mú ara wọn dáadáa á dún gbìn-ìn bí agogo. Èyí tó bá ń purọ́ á dún kọ̀, bí ìkòkò tó ti sán. Bó bá dún gbìn-ìn, Agbóhùn-Irin yóò mi orí. Orí tó ń mì yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń wá. Àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá máa ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá kó bá wọn gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n etí tó ti ń gbọ́ ariwo irin fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé kò níí rẹ̀ ẹ́ ni? Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó di ọdún méjì sẹ́yìn, ti ọ̀tún tẹ̀lé e. Ohùn èèyàn ń wọlé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú kànga, ohùn irin kò sì wọlé mọ́ rárá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá rẹ́rìn-ín. Ó ń fi òòlù lu irin bó ṣe ń lù ú, orí sì ń mì. Oṣù tó kọjá ló ṣe irin ìfarati, tí kì í jẹ́ kí ọmọ já bọ́, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà kẹta sí ìsọ̀ rẹ̀. Ojú ibi méjìlélógójì ló jó níbẹ̀. Ó lu gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, ó mi orí sí gbogbo wọn, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìgbéraga ọ̀gá oníṣẹ́ burú o.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, kò lè gun alùpùpù mọ́. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti kọ̀, kò ṣeé tẹ̀, kò sì lè ya ẹsẹ̀ jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ bó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà. Agbóhùn-Irin ní òun kò ní fi obìnrin yìí sílẹ̀ lójú ọ̀nà láé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́: ìjókòó onítìmùtìmù kan, táyà kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, irin mẹ́rin tó so ó mọ́ ara alùpùpù. Ẹni tó ń lẹ táyà níwájú ìsọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò kúkú ṣe ibùsùn sí i?"

Nígbà tó gbé e jáde lófìfo, ọwọ́ alùpùpù wúwo, ó sì ń fà sápá ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí ewé. Ó mọ ohun tó fà á: táyà iwájú ti sẹ́yìn jù fún ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tó di táyà mú, ó jó irin tuntun mọ́ wọn, ó sún táyà síwájú ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ọwọ́ alùpùpù wá rọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ṣe ohun tí kì í ṣe: ó kùn ún lọ́dà kó tó fi òòlù kàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyàwó wọ inú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ni wọ́n ń lọ, níbi tí ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀ wà. Àwọn aládùúgbò dúró wò wọ́n. Agbóhùn-Irin mú òòlù, ó lu ẹsẹ̀ òsì táyà iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí.

Ojú ìyàwó rẹ̀ yí padà. Ibi tó jókòó sí rẹlẹ̀, etí rẹ̀ kò sì jìnnà sí táyà iwájú.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ tún un lù."

Ó tún un lù.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká máa lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kọ̀ ló dún."

"Ọ̀dà ló bò ó lóhùn."

"Ẹ lu ọ̀tún."

Ó lù ú. Ọ̀dà kan náà ló wà lára méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀tún dún gbìn-ìn. Ọkọ rẹ̀ kò wo irin náà rárá; ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn títí. Gbogbo ohun tó ti ń ṣe é ní kàyéfì láti ọdún méjì wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di irin mú, ó sọ̀kalẹ̀.

"Mi ò lọ."

Ìtìjú bá ọkùnrin náà. Kó lè fi han gbogbo wọn pé kò sí nǹkan, ó gun alùpùpù, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ òsì là, táyà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú alùpùpù kanlẹ̀. Ojú ibi tó là náà mọ́ tónítóní. Irin tuntun kò wọnú ti àtijọ́ rárá, ńṣe ló kàn jókòó lé e lórí.

"Ọpẹ́ ni pé ẹ ò tíì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́," ni ẹni tó ń lẹ táyà wí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìyàwó mú ọkọ rẹ̀ lápá, ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè rí ẹnu rẹ̀.

"Láti ìgbà wo letí yín ti di?"

"Ọdún méjì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Agbóhùn-Irin kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ jó láàárín ọdún méjì?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: géètì ilé ìwòsàn, àga ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ibi tí wọ́n gbé táǹkì omi lé. Nígbà tó kan ilé ẹ̀kọ́, ó yíjú sí ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà ìsinmi, gbogbo ọmọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ń fara ti irin náà láti wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọ̀gá wọn pé ogún ọmọ lè fara tì í lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyàwó pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ni wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn. Àwọn aládùúgbò ní kí ìyàwó jókòó nítorí orúnkún rẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó máa lu irin wà, ẹni tó máa gbọ́ ọ ni kò sí.

Agbóhùn-Irin fi ọwọ́ kan di òòlù mú, ó fi ìkejì di ìyàwó rẹ̀ mú. Ìrìn náà kò yá. Ní ẹnu òpópónà kejì, obìnrin náà dúró lójijì.

"Kí ló dé?"

Nǹkan kan ló ń gbọ́.

"Wọ́n ti lu agogo ìsinmi," ó wí. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ sáré."

Ọkùnrin náà dẹ etí. Gbogbo òpópónà náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ju òòlù sílẹ̀, ó sáré. Bó ti ń sáré, ó ń wo ojú àwọn èèyàn tó ń bọ̀ níwájú, bóyá yóò rí i níbẹ̀ bí igbe kan bá ti ta.