Káàdì Ọdún Ìyá Òyìnbó Ilé Kejì

Nígbà tí káàdì yẹn já bọ́ láti ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo rò pé ìwé ilé ìwòsàn ni. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ èyí náà lo kà á fún mi. O ní ìyá òyìnbó ilé kejì ló kọ ọ́, pé ọdún wọn dé, èyí tí wọ́n fi ń kí ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n ya àbẹ́là àti òdòdó funfun wínníwínní sí i. O ní wọn a da mílíìkì sílẹ̀ fún ilẹ̀, wọn a tan iná sójú fèrèsé, àti pé ó ní kí n wá bá òun tan àbẹ́là nírọ̀lẹ́ ọ̀la.

Ìyá rẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ó wò ó.

"Màámi, ìbọ̀rìṣà nìyí o! A ò bọ ti ilé, ṣé ti òyìnbó la wá fẹ́ máa bọ?"

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo tún mú káàdì náà wò. Nígbà tí mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ wà níbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìwọ wà ní iléèwé. Ìyá òyìnbó yìí ló gbọ́ igbe mi, ó bọ́ kóòtù ọrùn ẹ̀, ó fi bò mí. Ta ni mo tún ní lọ́sàn-án ní Salford nílùú òyìnbó yìí? Bí n ò bá lọ, á ní mo kórìíra òun. Bí mo bá lọ, ẹjọ́ á dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá mi, onígbàgbọ́ paraku, kì í jẹ́ kí Iléyá kọjá kó má lọ kí àwọn mùsùlùmí àdúgbò. Á ní kíkí kì í ṣe bíbọ. Ohun tí mo gbá mú nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wé gèlè, mo lọ.

"Ẹ kú ọdún o!" Yorùbá ni mo fi kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó na àbẹ́là sí mi. Mo mi orí, mo nàka sókè ọ̀run. Ó wò mí títí, mo rò pé ọ̀rẹ́ wa ti parí nìyẹn. Ó tàn án fúnra ẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé, ó fa àga fún mi, ó bu tíì.

N ò tíì mu ún dé ìdajì tí ìyá rẹ fi ti ibi iṣẹ́ dé, tó kanlẹ̀kùn.

"Màámi! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá kí i ni. N ò fọwọ́ kan àbẹ́là o."

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá náà ò gbédè wa, ṣùgbọ́n ó dìde, ó mú ife kan, ó di ògiri mú, ó fẹ́ lọ bu tíì fún àlejò. Ìyá rẹ rí bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe wú.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó," Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Ó gba ife lọ́wọ́ ẹ̀, ó wọ ilé ìdáná tòun ti kóòtù iṣẹ́. Ó fẹ̀gbẹ́ gba iwájú àbẹ́là yẹn kọjá bí ẹni tó ń yẹra fún ajá onílé. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ibẹ̀, tó ń bi ìyá náà pé ta ló ń bá a ra oúnjẹ.