Irun Tí Mo Ní Kó Má Tú

Inú ike pẹlẹbẹ kan ni ọmọbìnrin mi gbé awọ kan sí wálé láti yunifásítì tó ti ń ṣe ìwádìí. Ó fi lé mi látẹ́lẹwọ́. Ó tín-ín-rín bí awọ inú ẹyin, àwọn ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Mo ká a, kò ṣẹ́.

"Bàbá, ẹ rọra o! Ọ̀gá mi gan-an kì í fọwọ́ mú un báyẹn."

"Kí la ń fi ṣe?"

"Ó ń gba iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀. Àárín irun dídì la máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sí pé à ń tú irun mọ́. Ká ní ó ti wà nígbà náà ni, Màámi kì bá tí kọ̀ láti lọ ṣàyẹ̀wò orí."

Mo dá awọ náà padà sí i lọ́wọ́.

Wárápá ló ń ṣe ìyá rẹ̀. Arandun là ń gbé nígbà náà, mo ń ṣe tíṣà. Mo pẹ́ kàwé. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé wárápá kì í ràn. Nílé, bó bá ti gbé ìyàwó mi, ilẹ̀kùn ni mo máa ń sáré tì, kí ará àdúgbò má bàa rí i.

Dókítà kan ní Ọ̀mù-Àrán kọ̀wé fún wa pé ká lọ sí ọsibítù kan ní Ìlọrin, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ oògùn tó yẹ ẹ́. Wọn yóò lẹ àwọn irin kéékèèké tó ní wáyà mọ́ ọn lórí. Ó ní láti tú irun. Ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú sílẹ̀ de ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Ẹ jẹ́ n tú u, ká lọ lọ́la," ó ní. "Irun ṣáà ni, mo lè tún un dì."

"Odindi ọjọ́ kan lo fi jókòó di èyí. Jẹ́ ká ṣe ìkórè tán."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo irun mi?"

Ó mọ̀ pé kì í ṣe ti irun. Ọmọ ìjọ wa kan ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù náà. Mi ò fẹ́ kó rí ìyàwó mi pẹ̀lú wáyà lórí, kó wá ròyìn rẹ̀ délé, kí ẹnikẹ́ni má bá wa jẹun mọ́ lọ́jọ́ ìkórè.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìkórè pé, ìyàwó mi lọ fọṣọ lódò. Ibẹ̀ ni wárápá ti gbé e. Omi tó pa á kò dé orúnkún.

Mo jókòó sí pálọ̀ nígbà tí àwọn obìnrin ilé ń tú irun rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Kò gbà wọ́n tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Nígbà tí ọmọ bi mí léèrè ìdí tí a ò fi lọ sí Ìlọrin, mo ní ìyá rẹ̀ ló ní òun ò lè tú irun. Ó gbà mí gbọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí nítorí ẹ̀.

Ọmọ mi tẹ awọ náà mọ́ mi níwájú orí. "Ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá."

"Kò sí wáyà lára ẹ̀ báyìí, kò lè ka nǹkan kan. Ẹ má bẹ̀rù." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀.

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ irun ìyá ẹ yẹn, èmi ni mo parọ́."