Tíì Mẹ́rin Nínú Yàrá Káyọ̀dé

Ìdájí ni mo ti wà ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi ìborùn bo orí nítorí ìrì. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Rásákì, ọmọ Ìyá Sùwé tó ń ta epo pupa, ló wa ọkọ̀ wa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n ń gbà dé Máìlì Tú, iwájú ló sì ní kí n jókòó sí. "Ìyá Káyọ̀dé, ẹ kú àmúmọ́ra," ló wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Àpápá àti Àjégúnlẹ̀ ni mo ń lọ, láti lọ palẹ̀ ẹrù ọmọ mi mọ́. Káyọ̀dé, àkọ́bí mi, ni kúùkù lórí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ omi kékeré tó ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú un lọ, ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Kò ní ìyàwó nílé mọ́, kò sì bí ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nígbà tí onílé rẹ̀ pè pé ẹlòmíràn fẹ́ wọ yàrá náà, Bàbá Adémọ́là, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pè mí jókòó.

"Ìyàwó wa, lọ o," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n òbí kì í jogún ọmọ. Aṣọ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀, abọ́ rẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó bá a gbé. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ nìkan ni kí o gbé wálé."

Ohun kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Ìgbà tí Káyọ̀dé pè mí kẹ́yìn, ó ní, "Màmá, mo ti rí tíì yín. Mo ń gbé e bọ̀ lópin oṣù." Láti ọjọ́ tí dókítà ti ní kí n má fẹnu kan ṣúgà mọ́ ni tíì àárọ̀ ti di àgbo lẹ́nu mi. Káyọ̀dé ní irú kan wà tí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa ń mu láìfi ṣúgà sí. Tíì dúdú ni, wọ́n fi òróró èèpo ọsàn kan sí ewé rẹ̀ lára. Bẹ́gámọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pe ọsàn náà. Wọn kì í jẹ ẹ́ nítorí ó kan gógó, òórùn èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá fún mi, mo ní òórùn ìpara irun ló ń rùn, mo sì gbé e fún Ìyá Bísí ará ilé wa, lójú Káyọ̀dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí dòní.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó dé Máìlì Tú. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì èbúté Tin Can, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Nílé wa, ọkọ̀ akẹ́rù kì í pẹ́ lójú kan. Níbẹ̀, wọ́n tò lọ ṣùà, àwọn dẹrẹba sì ti sọ abẹ́ wọn di ilé: ọ̀kan ń fárùngbọ̀n lójú dígí ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan ń se ìrẹsì lórí sítóòfù lẹ́bàá táyà. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà ẹgbẹ̀rin náírà, ata rẹ̀ kò tó ti wa.

Ibẹ̀ ni Múfútáù ti wá bá mi. Ọdún mẹ́rìnlá lòun àti Káyọ̀dé fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú irun funfun orí rẹ̀. A gba Malu Road, níbi tí ariwo àwọn tó ń jó irin pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, títí a fi dé Bọ́ńdìrì ní Àjégúnlẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ní kòtò, omi wà nínú wọn bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Tí a bá kí ènìyàn nílé, á dúró dáhùn. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ kì í dúró.

Ìyá Ẹfẹ, onílé, ti ń retí wa. Ùròbò ni, ṣùgbọ́n Àjégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó dì mọ́ mi. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Káyọ̀, na mai brọ́dà bi dat."

Múfù, bí wọ́n ti ń pe Múfútáù, ló ṣí yàrá Káyọ̀dé. Tíì mẹ́rin ni mo bá lórí tábìlì: agolo pupa, páálí aláwọ̀ ewé, agolo dúdú kékeré, àti ọ̀rá kan tí wọ́n fi rọ́bà dì lẹ́nu. Kò kọ orúkọ mi sí ìkankan. Mo bi wọ́n léèrè, Káyọ̀dé ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n gbé omi kaná, ẹnu mi ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹfẹ gbé mílíìkì jáde. Múfù ní, "Ṣé o fẹ́ pa òórùn rẹ̀ ni? Kúùkù á dìde bá ẹ."

"Kó dìde wá," ni Ìyá Ẹfẹ dáhùn. "Ìkòkò mi méjì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì.

Múfù ló pò ó bí Káyọ̀dé ti í ṣe é: omi gbígbóná lé ewé lórí, àwo pẹlẹbẹ dé e, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ka Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a tó sẹ́ ẹ. Ti agolo pupa ti gba imú mi kí n tó gbé e dẹ́nu, bí ìgbà tí a bá fi èékánná ha èèpo ọsàn tútù. Ó ń fún ahọ́n pọ̀ bí orógbó, ìkorò rẹ̀ sì pẹ́ lọ́fun. Ti páálí ni ìpara irun ọjọ́sí. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó tọ́ ọ wò. Mo mu ún tán pátá. Mi ò lè kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Agolo dúdú ń rùn bí ẹja yíyan, èéfín bo ọsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Ẹfẹ ní ìyẹn ló dùn jù.

Ti inú ọ̀rá kò pọ́n, ó dà bí oyin tí a fi omi là. Mo mu ún, mi ò gbọ́ adùn kankan. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni òórùn ọsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọra gòkè láti ọ̀fun, kò korò, ó dùn díẹ̀ bí orí ìrèké. Mo tún mu. Ó wù mí, ẹ̀rù sì bà mí. Bó bá jẹ́ pé tíì tirẹ̀ ni, tí mo gbé e lọ sílé, mo ti jogún ọmọ mi nìyẹn.

Mo ní, "Múfù, èwo ni Káyọ̀dé máa ń mu?"

"Agolo pupa, Màmá, àárọ̀ àti ọ̀sán. Bí òjò bá rọ̀, agolo dúdú. Ti páálí, àwa ló ń fún."

"Ti inú ọ̀rá yìí ńkọ́?"

"Hẹn-ẹ́n, kò lè mu ìyẹn. Ó ní omi tí wọ́n fi ṣan kọ́ọ̀bù ni. Bẹ́ẹ̀ ojú mi ló ṣe gbà á lọ́wọ́ kúùkù ọkọ̀ ńlá kan, ó fi odindi rọ́bà ata gígún tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní, 'Ata Màmá lo fi ra omi ìṣankọ́ọ̀bù?' Ó ní kí n dákẹ́, pé kì í ṣe ẹnu tèmi lòun rà á fún."

Mo jókòó sórí ibùsùn ọmọ mi, mo sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ rẹ̀ fún mi, omi ò tíì jáde lójú mi. Wọn ò ní kí n dákẹ́.

Agolo pupa di ti Múfù, Ìyá Ẹfẹ gba agolo dúdú àti páálí. Aṣọ àti ibùsùn, mo ní kí wọ́n jọ pín in. Mo fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan lára ògiri, mo sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Bàbá Adémọ́là ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, kí lo gbé bọ̀?"

Mo na ọ̀rá náà sí wọn. Mo ní, "Tíì ni, tèmi ni. Òun fúnra rẹ̀ ò lè mu ún."

Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ títí, wọ́n dá a padà fún mi. "Gbé e wọlé," ni wọ́n wí.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ni pé ènìyàn lè fi ẹnu ẹlòmíràn tọ́ nǹkan wò, bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ mi wà láyé. Ọ̀rá náà ti dé ìdajì báyìí. Mo ti dín ewé tí mo ń bù kù, kó má baà tètè tán, tíì náà ń fúyẹ́ sí i láràárọ̀, mo sì ń mu ún bẹ́ẹ̀.