Ìlà Ìbínú Lára Ògiri Àgbàlá Wa

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, bí inú bá bí mi, mo máa ń gé apá ara mi jẹ. Gbogbo ilé wa ní àdúgbò Sakasaka ló ń pa á lówe fún mi pé ìbínú kò da nǹkan. Òwe náà gan-an tún ń bí mi nínú.

Lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó. Bí wọ́n bá ń lé làálì fún ìyàwó nílé wa, wọ́n á lé e fún àbúrò rẹ̀ náà lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ìyá tó ń lé làálì ti yí apá mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Níbo ni n ó ti rí ibi tó mọ́?" Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lójú àwọn àlejò láti Ìlọrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò pòwe ní tirẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sára ògiri àgbàlá.

"Ìbínú rẹ rèé, ó ń gòkè. O gé ara rẹ jẹ, ó já wálẹ̀. Ojú tì ẹ́, ó tún gòkè, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. O ò ya wèrè, àbúrò mi. Ara ń tù ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́."

Ẹnìkan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Inú mi dùn débi pé mo fò mọ́ ọn.

Ó ní ìlà náà á máa gòkè ni, àfi tá a bá rí nǹkan mìíràn fà á wálẹ̀. Mo dán ariwo wò, àwọn ará ilé lé àwa méjèèjì jáde. Mo dán iṣu gígún wò, ọmọ odó kán.

Lọ́jọ́ kan nídìí ẹ̀rọ omi ní Changli, àdúgbò kan nítòsí wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbada, abọ́ ńlá tá a fi ń pọnmi, rù mí ni ọmọbìnrin kan sọ pé apá mi dà bí àgbàdo tí eku jẹ. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè, eyín mi ò lè dé ibẹ̀. Mo ń rìn, mo ń bú u nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo fi délé, mo wá ìbínú náà, mi ò rí i mọ́. Mo sọ omi kalẹ̀, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà tó gòkè, tó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Bọ̀dá, àwòrán yín ò pé."

Ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wàláì, òótọ́ lo sọ!"

Láti ìgbà náà, bí inú bá ti bí mi, mo ti gbé agbada. Omi ilé wa pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò ń wá bù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì gé ara mi jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí, ó kàn sàmì sí ògiri.

Ọjọ́ làálì pé. Ìyá onílàálì náà gbá apá mi mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo na méjèèjì sí i. "Ibi tó bá wù yín, Ìyá."