Ọjọ́ Tí Wọ́n Dán Owó Fàdákà Ìyá Àgbà Wò

Bí wọ́n bá ń da ásíìdì sí bátìrì ọkọ̀ mi, òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Àpòmù. Mo há sáàárín ìyá àgbà àti àbúrò bàbá mi, tí mò ń pè ní bọ̀dá, lórí bẹ́ǹṣì tóóró kan. Ooru èédú ń jó mi lójú. Bọ̀dá fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni owó àtijọ́ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún ìyá àgbà.

"Bó bá jẹ́ ayédèrú, á hó, á sì di àwọ̀ ewé," ni alágbẹ̀dẹ wí.

Fóònù bọ̀dá dún, wọ́n sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ kán ásíìdì sí owó náà. Kò hó rárá. Ìyá àgbà tẹjú mọ́ alágbẹ̀dẹ, òun náà sì yára nu owó náà.

"Ẹ má bínú, ayédèrú ni," ni alágbẹ̀dẹ wí fún bọ̀dá.

Mo la ẹnu. Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ wọn tẹ tèmi mọ́lẹ̀.

"Ẹ jù ú nù o, Màámi," ni bọ̀dá wí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bọ̀dá ti ta gbogbo nǹkan tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, àfi owó yẹn.

Lórí ọ̀kadà, bọ̀dá ń pòṣé níwájú mi títí a fi dé Ìkirè. Owó tí ìyá àgbà dì sí etí ìró wọn ń gún mi lẹ́yìn, n kò sì ríbi sún sí.