A Dúpẹ́, Ṣùgbọ́n A Kò Fọwọ́ Sí I

Ara ògiri káńsù ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀kadà ni mò ń ṣe, ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ìlá. Mo lọ gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù mi ní káńsù lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń dúró de akọ̀wé, mo ń ka bébà iṣẹ́ àdúgbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ní ìlà kọkànlá ni mo ti rí àdúgbò wa: "Gbọ̀ngàn ìpàdé. Àwọn ará àdúgbò béèrè fún un, wọ́n sì fọwọ́ sí i."

Irọ́ ni. Afárá la béèrè, lórí odò tó wà láàárín àwa àti ilé ìwòsàn. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn, aládùúgbò mi, fẹ́ bí Ẹ̀bùn, odò kún. Orí àga ni ọkùnrin mẹ́rin gbé e sí, tí wọ́n fi gbé e la omi kọjá. Ó sì tún ti lóyún. Ìgbà tí òjò bá le jù ni yóò bí.

Mo ní kí akọ̀wé fi àkọsílẹ̀ ìpàdé hàn mí. Ó wà níbẹ̀: "Wọ́n dúpẹ́ gidigidi." Òótọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá iṣẹ́ àdúgbò wá sọ pé gbọ̀ngàn ni káńsù máa kọ́, àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ dúpẹ́, kí á wá fi pẹ̀lẹ́ mẹ́nu ba afárá lọ́jọ́ mìíràn. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bébà tí a kọ orúkọ sí pé a wá sípàdé, òun ni wọ́n so mọ́ ọn bí ẹ̀rí pé a gbà.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta gbé àga tí wọ́n fi gbé Ìyá Ẹ̀bùn la odò lọ síwájú ọ́fíìsì káńsù.

Ọ̀gá jáde. "Ẹ̀yin ará mi, ṣebí ẹ dúpẹ́!"

"A ní ẹ̀kọ́ ilé ni, sà," Ìyá Ẹ̀bùn dáhùn. "Ẹ jókòó, kí á gbé yín la odò."

"Mo ti wúwo jù."

"Oyún náà wúwo, sà."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá olórí àdúgbò kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ní kí wọ́n dúpẹ́. Mo ti gba ọpẹ́ mi padà."

A kò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀gá fi fa gbọ̀ngàn rẹ́, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ afárá sípò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò rí gbogbo ohun tí a fẹ́ gbà. Àwọn kan tó fẹ́ gbọ̀ngàn kì í kí mi mọ́. Páìpù kọnkéré mẹ́fà, tí omi yóò máa gbà kọjá lábẹ́ afárá, ló wà nínú ìwé, mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Irin ìdáàbòbò ẹ̀gbẹ́ afárá kò tíì dé, a kò sì ní yé béèrè. Nísinsìnyí, a máa ń kọ ọ́ sórí bébà ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ: "Wíwá nìkan la fọwọ́ sí."

Ọjọ́ tí ìrọbí mú Ìyá Ẹ̀bùn, odò kún dé ẹnu páìpù. Mo tẹ̀ lé òun àti ọkọ rẹ̀ dé orí afárá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn ín kọjá: ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún. Mo kà á.